Ehoro Tí Mo Bá Nílé Ọkọ

Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta, 2025

Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ rèé, ooru sì ti fẹ́ pa wá. Iná lọ láàárọ̀, kò dé títí a fi ṣínu. Aṣọ ọdún ti kún orí tábìlì ìránṣọ mi, oníkálukú ló ń sọ pé tòun ni kí n kọ́kọ́ rán.

Lẹ́yìn ìṣínu ni mo rí ohun pupa kan nílẹ̀ bàráńdà ẹ̀yìn. Mo rò pé sóbò ni. Mo jágbe mọ́ Hikmah pé ta ló ní kó gbé ife jáde. Ọmọ ọdún mẹ́ta bú sẹ́kún, ó ní òun kọ́. Ìgbà tí mo fi àkísà kàn án ni mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Abẹ́ Eyínafẹ́, ehoro wa, ló ti ń jáde.

Mo pe Bàbá Hikmah. Dàbínò wà lẹ́nu rẹ̀, kò rántí gbé e mì. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ehoro náà lé itan. "Àdùkẹ́ mi, kí ló ń ṣe ọ́? Àdùkẹ́ mi." Irú ohùn tó fi sọ ọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti bímọ fún un. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. "Ìyá Hikmah, o ti lo oògùn?" Ó tán.

Èmi náà ni mo nu ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún.

Ajé, 3 oṣù Kẹta

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Galadimawa. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú. Apẹ̀rẹ̀ tí mo fi ń kó aṣọ oníbàárà ni mo gbé e sí, mo tẹ́ àjákù léèsì sí abẹ́ rẹ̀. Bàbá Hikmah ń wakọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń wò ju iwájú lọ.

Dókítà Paul, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í kánjú, béèrè orúkọ aláìsàn. Mo wo ojú ọkọ mi. Ó ní, "Àdùkẹ́."

Dókítà yíjú sí mi. "Madam, na so you too dey call am?"

Mo ní èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni.

Kì í ṣe àwàdà. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ní Dutse Alhaji, lẹ́yìn tí Màámi, ìyá ọkọ mi, ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n to àwọn ọmọ ilé síwájú mi kí n sọ kálukú ní orúkọ tí n ó máa fi pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Mo pe ọ̀kan ní Ìbàdíàrán. Mo pe Abdulqudus, àbúrò ọkọ mi, ní Akọ̀wé. Akọ̀wé yìí ló sáré lọ gbé ehoro wá, tó gbé e sí ìparí ìlà. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ wá kí ìyálé yín." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màámi nìkan ni kò rín. Ó ní, "Ẹ̀ ń ṣeré ni? Ṣé kò bá a nílé ni?" Mo wo eyín iwájú rẹ̀ funfun méjèèjì, mo ní Eyínafẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọmọ mi náà, Eyínafẹ́ ló mọ̀.

Dókítà tẹ ikùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Kókó wà níbẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni, pé ó sábà máa ń mú abo ehoro tó bá dàgbà láìbímọ, tiwa yìí sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè ṣe iṣẹ́ abẹ kí òun yọ ilé ọmọ náà kúrò, ṣùgbọ́n ehoro tó ti dàgbà lè sùn lórí tábìlì kó má jí mọ́. A sì lè fi í sílẹ̀, ká máa fún un ní oògùn ìrora títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. "Make una go think am," ó ní, "but no tey."

Nínú mọ́tò ni Bàbá Hikmah ti wá sọ ọ̀rọ̀ tó gún mi. Ó ní, "Màá bi Jọlá ná."

Jọlá ni wọ́n jọ ń fẹ́ra kó tó mọ̀ mí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ra ehoro yìí. Jọlá lọ kàwé lókè òkun, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun á fi dé. Ìfẹ́ lọ, ehoro dúró. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù ọkọ mi.

Jímọ̀, 7 oṣù Kẹta

Jọlá ti dé láti òkè òkun. Báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́, Life Camp ló ń gbé. Mo mọ gbogbo èyí nítorí pé bàráńdà ni ọkọ mi ti ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì wà. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí ariwo rẹ̀ má dí mi létí. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Ehoro ń ṣẹ̀jẹ̀, òun ń rẹ́rìn-ín.

Ó wọlé, ó ní Jọlá ní ká ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mo ní èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹran tó dàgbà tó báyìí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Aṣọ lèmi ń gé, mo mọ̀ pé ohun tí sísọ́ọ̀sì bá ti gé, kò ṣeé dá padà.

Ó ní, "Ṣé torí ehoro lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, àbí torí Jọlá?"

Mo ní mo ń gbààwẹ̀, kó má jẹ́ kí n sọ ohun tó máa bà á jẹ́. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ń fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibí nìkan ni mo ti lè sọ òótọ́: mi ò mọ èyí tó jẹ́. Àánú wà níbẹ̀, mo búra. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i tó ká jọ sí kọ̀rọ̀, tó ń lọ eyín nítorí inú rírun. Ṣùgbọ́n owú náà wà níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí ehoro yìí kúrò nílé mi pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a wá. Mi ò lè ya ọ̀kan kúrò lára ìkejì.

Àìkú, 9 oṣù Kẹta

Iná ò sí. Mo to ike omi dídì sí ẹ̀gbẹ́ Eyínafẹ́, ó gbórí lé ọ̀kan bí ìrọ̀rí. Karọ́ọ̀tì ti gbówó lérí lọ́jà Dutse, ó dà bí ẹni pé wúrà ni wọ́n ń tà. Mo rà á bẹ́ẹ̀. Ìyálé ń jayé.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Màámi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́ bá wa parí ààwẹ̀. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi lọ wo aláìsàn. Ó gbé e yẹ̀ wò, ó tẹ ẹ́ nítan.

"Gafar, ẹran yìí ṣì lára. Ẹ jẹ́ kí ááfáà dú u kó tó rù. Bí ẹ bá yan án dáadáa, ó tó fi jẹ sààrì."

Bàbá Hikmah kígbe, "Màámi!" Hikmah bú sẹ́kún. Èmi fi ìbòrí bo ẹnu, mo rín in tọkàntọkàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Mo ń dín àkàrà ìṣínu lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Màámi dún ní pálọ̀. Màámi kì í fi ohùn jẹ́jẹ́ gba ìpè. "Àdùkẹ́! Àdùkẹ́ ọmọ mi! Jọlá, o ò gbàgbé mi. Bẹ́ẹ̀ ni, a ti fẹ́ gbààwẹ̀ dé ìdajì, alhamudulilai."

Àkàrà jó mọ́ mi lọ́wọ́.

Àdùkẹ́ ni oríkì Jọlá. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, ní òwúrọ̀ gbogbo, ọkọ mi ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń pe oríkì àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ pé, "Àdùkẹ́ mi, o jí ire?" Èmi á wà ní yàrá, màá máa so ìró, màá máa rò pé mo fẹ́ ọkùnrin tó láàánú ẹranko. Wọ́n ní obìnrin tí kò tíì lórogún kò tíì mọ àrùn tó ń ṣe é. Mo ti mọ tèmi wàyí. Mo tilẹ̀ kọ orúkọ náà síbí yìí. Kíkọ kì í ṣe pípè.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Lẹ́yìn sààrì ni mo bi í. Kò purọ́. Ó ní Jọlá ló fi oríkì ara rẹ̀ sọ ehoro lórúkọ, pé eré ni àwọn ń ṣe nígbà náà.

"Ó ti pẹ́ tó ti di orúkọ ehoro, Ìyá Hikmah. Bí mo bá pè é, ehoro ni mo ń rí."

Mo ní, "Kí ni oríkì tèmi?"

Ó ń wo ògiri bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Màámi, tó jókòó ti tẹ̀sùbáà rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, dá ọwọ́ dúró.

Ọkọ mi mọ oríkì ehoro, kò mọ tèmi. Mi ò sunkún níwájú wọn. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sun ún tó.

Àṣàkẹ́ ni. Mi ò sọ fún un. Kó lọ wá a.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Mo ti yọwọ́. Mo ní ẹni tó ni ín ni kó máa tọ́jú rẹ̀.

Bàbá Hikmah fún un lóògùn kó tó lọ kírun, ehoro tu ú sí jalabíà rẹ̀ funfun. "Àdùkẹ́, jọ̀ọ́. Gbé e mì, Àdùkẹ́." Ó kọ koríko gbígbẹ. Ó kọ karọ́ọ̀tì olówó ńlá. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, inú mi sì ń dùn. Kí n má purọ́, ó dùn gan-an.

Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Kò tún jẹun láàárọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé ehoro tí kò bá jẹun fún odidi ọjọ́ kan, ìfun rẹ̀ lè dúró, ikú ló sì kàn. Mo rántí. Mo rán ọrùn aṣọ kan, mo tú u, mo tún un rán. Inú mi ò dùn mọ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun alaásárì, mo lọ já ewé ọ̀dùnkún ní ẹ̀yìnkùnlé. Mo fọ̀ ọ́, mi ò gbọn omi ara rẹ̀ dànù, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo ṣẹ́ igi ewé kúrò, nítorí eyín apá ọ̀tún ń dùn ún. Apá òsì ni mo ti gbé e fún un. Ó wò mí, ó jẹ ẹ́. Ó tún jẹ òmíràn. Mo run oògùn mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó lá a mọ́ mi lọ́wọ́.

Bàbá Hikmah ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé báyìí lo ṣe ń ṣe é."

"O ò bi mí."

Ta ló rò pé ó ń fún un lóúnjẹ láti ọjọ́ yìí wá? Orúkọ nìkan lòun ń fún un.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta

Bàbá Hikmah ti ibiṣẹ́ dé, ó wá dúró lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń gé aṣọ. "Àṣàkẹ́." Màámi ló pe ìyá mi ní Ìlọrin, mo mọ̀. Mo ń gé aṣọ mi lọ. Ó tún pè é. Mo gé aṣọ oníbàárà wọ́, mo ní láti ra òmíràn dí i.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta

Jọlá wá.

Mo ti múra sílẹ̀ de arẹwà. Mo ti wọ búbù mi tó dára jù, mo lé tìróò. Èyí tó wá burú ju arẹwà lọ: èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀ fún Màámi dé ilẹ̀. Ó kó èso ìṣínu wá. Ó kúnlẹ̀ fún èmi náà. "Ẹ káàsán ma. Ẹ ṣeun tí ẹ ń take care of her. Gafar ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi." Gafar. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, mi ò pè é ní Gafar rí.

Ó bọ́ bàtà, ó lọ lóṣòó sí bàráńdà. "Àdùkẹ́! Àdùkẹ́ baby, it's me."

Ehoro sún sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ sí i, ehoro fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, ó sá wọ kọ̀rọ̀. Jọlá tún pè é.

Hikmah ní, "Àǹtí, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Eyínafẹ́ ni."

Ọmọ yìí pè é báyìí, ni ehoro bá jáde. Kò lọ bá Hikmah, kò lọ bá ọkọ mi. Ó rọra fò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ara ń ni ín, ó gba iwájú Jọlá kọjá, ó wá ki orí bọ abẹ́ búbù mi.

Jọlá bú sẹ́kún. "She doesn't know me. Kò mọ̀ mí mọ́." Ó ń wo ibi tí orí ehoro wọ̀ lábẹ́ aṣọ mi, mo sì mọ ojú tó fi ń wò ó. Ojú tí mo ti fi ń wo òun láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí i rí.

Mo ti ń retí irú ọjọ́ yìí. Mo ti rò pé n ó jó. Mo kàn já àjákù ánkárà kan, mo fún un kó fi nu ojú.

Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ma, èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe surgery. Kò yẹ kí n dá sí i. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ bá sọ ni." Ọkọ mi náà ní ohun tí mo bá sọ ni. Màámi ní, "Ìyàwó mi, ó dọwọ́ ẹ."

Kò tún wá sí ẹni tí n ó bá jà.

Ajé, 24 oṣù Kẹta

Mi ò sùn dáadáa. Mo bi ara mi léèrè: ká ní èmi ni mo ra ehoro yìí lọ́jà fúnra mi, tí kò sí Jọlá kankan láyé, kí ni n bá ṣe? Ìdáhùn náà dé kíákíá, ojú tì mí. N bá ti gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ láti ọjọ́ kejì. N bá ti tọrọ owó bí mi ò bá ní.

Owú ló ti ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu mi. Àánú ló wọ̀ bí ẹ̀wù.

Mo sọ fún Bàbá Hikmah níbi sààrì pé ká ṣe é. Ó di ọwọ́ mi mú, dàbínò wà nínú rẹ̀. Dókítà ní ká máa bọ̀ lọ́jọ́rú.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹta

Dókítà ya àwòrán àyà rẹ̀ kó tó gbé ọ̀bẹ. Ó gbé e sójú iná, ó pè mí sún mọ́ ọn. Ohun funfun kéékèèké ló kún inú ẹ̀dọ̀fóóró, bí ìyẹ̀fun tó ta sára aṣọ dúdú.

"E don reach lungs, madam. If I cut am now, na suffer I go just add join."

Mo bi í bóyá ìbá yàtọ̀ ká ní a wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sunkún níbẹ̀, níwájú àwọn tó gbé ajá wá gba abẹ́rẹ́.

Nínú mọ́tò, Bàbá Hikmah fẹ́ tù mí nínú. "Ṣebí ìwọ lo tọ̀nà. Ìwọ lo ní ká fi í sílẹ̀ látilẹ̀."

Mo ní, "Mi ò tọ̀nà. Ó kàn bọ́ sí i ni." Ó wò mí, kò yé e, kò sì béèrè. Eyínafẹ́ wà nínú apẹ̀rẹ̀ lórí itan mi, ó ń já òwú ara léèsì jẹ.

Àìkú, 30 oṣù Kẹta

Ọdún. Gbogbo aṣọ pé lọ́wọ́ oníbàárà àfi ti obìnrin kan tó ń bínú títí di ìsinsìnyí. A kírun, a jẹun. Màámi fi ẹran pamọ́ fún aládùúgbò, ó ń wo ehoro láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó ti rù báyìí, ẹ má bínú." Eyínafẹ́ jókòó sórí etí aṣọ ọdún mi tuntun, ó tọ̀ sí i. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Jímọ̀, 4 oṣù Kẹrin

Màámi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti Bàbá Hikmah ti fẹnu kò: bí ó bá kọ ewé ọ̀dùnkún láti ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, a ó pe dókítà kó wá fún un ní abẹ́rẹ́ ìsinmi. Lónìí, ó jẹ ẹyọ kan.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹrin

Ó kọ ọ́ lánàá. Ó kọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Mo fọ ewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá n kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó yí orí kúrò.

Dókítà Paul wá sílé lọ́sàn-án, òjò àkọ́kọ́ sì bá a dé. Ó ní kí ẹni tí ó mọ̀ jù dì í mú. Ọkọ mi dìde, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé Hikmah lé itan. Èmi ni mo dì í mú. Mo ní, "Eyínafẹ́, Eyínafẹ́, rọra." Etí rẹ̀ mì. Abẹ́rẹ́ wọlé, ara rẹ̀ wúwo sí mi lọ́wọ́, ó sì tán.

Abẹ́ ebè ọ̀dùnkún la sin ín sí. Mo fi léèsì rẹ̀ wé e. Èmi fúnra mi ni mo pe Jọlá. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún, òjò ń rọ̀ ní Life Camp, ó ń rọ̀ níbí.

Màámi ní lórí fóònù, "Ìyálé ẹ ti lọ. O lè pè é lórúkọ wàyí, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́." Mo gbìyànjú rẹ̀ nílé ìdáná nígbà tó ku èmi nìkan. Kò yá mi lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹrin

Òjò ti dá. Mo ń so ìró nígbà tí mo gbọ́ tí Bàbá Hikmah ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Àdùkẹ́ mi, o jí..."

Mo jáde sí i. Ó dì mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ojú ilẹ̀ tí mo ti fọ̀. Bó ṣe yíjú tó rí mi, ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ máa ṣàlàyé.

Mo dúró tì í. Mo ní, "Pè é tán."